Ẹ̀fọ́rí tó jókòó sójú kan bí kọ́bọ̀: ohun tí ojú mi rí

Bọ̀dá, ẹ kú ìnira. Ẹ ní ojú kan ṣoṣo ló ń dun ìyàwó yín lórí láti oṣù mẹ́rin, scan ò rí nǹkan kan, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ tún lọ ṣe òmíràn. Bí mo ṣe ń kà á ni ọwọ́ mi ti lọ sórí ara mi kí n tó mọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ àtàrí lápá ọ̀tún ni tèmi wà. Kò ju ìdérí ìgò mínírà lọ. Kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Tọ̀sántòru ló ń jẹ mí bí egbò. Tó bá yá, á ṣàdédé gún mi bí abẹ́rẹ́, á tún rọlẹ̀. Bí òòyà bá kàn án, omi á bọ́ lójú mi. Ọdún kan àti oṣù méjì ni mi ò fi dirun, tí mi ò wé gèlè lọ sóde kankan. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní ibà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n fún mi lóògùn ibà láì yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Dókítà kejì ní ìrònú ló pọ̀ lórí mi, kí n lọ sinmi. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan orí tí mo ní ó ń dùn mí! Inú ṣì ń bí mi. Nílé, wọ́n ní túúlu ni, wọ́n sín gbẹ́rẹ́ méje sójú ibẹ̀ gan-an. Ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ irun mi, ìrora ò kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan ìyàwó yín lórí.

Àbúrò mi obìnrin ló gbà mí. Ó ya irun mi, ó ń fìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ibi tí mo bá ti ké ló ń fi tìróò sàmì sí. Ọjọ́ mẹ́ta tẹ̀léra, òbìrìkìtì kan náà ló ń yọ, sẹ̀ǹtímítà 3. Àmì yẹn ni dókítà ọpọlọ tí mo rí nígbẹ̀yìn wò tó fi ní nummular headache ni. Owó onírin kékeré ni Látìnì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọdún 2002 ni dókítà ọpọlọ kan, Juan Pareja, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sípéènì kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀. Dókítà tó kúrò nílé ẹ̀kọ́ ṣáájú ìgbà náà lè má tíì gbọ́ ọ rí, àmọ́ ṣé ó wá yẹ kó sọ pé èmi ni mò ń ronú?

Ẹ ṣọ́ paracetamol o. Èmi ń lò ó lójoojúmọ́ títí gbogbo orí fi ń fọ́ mi. Bó bá ti tó ọjọ́ 15 lóṣù, tó sì ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn yẹn fúnra rẹ̀ lè máa fa ẹ̀fọ́rí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ẹnikẹ́ni nílé yín tó ti lé ní 50 ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní ẹ̀fọ́rí ní ẹ̀bátí, tí àgbọ̀n ń dùn ún bó bá ń jẹun, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, torí ojú lè fọ́.

Ní ti scan, ó sábà máa ń mọ́ nínú irú èyí. Wọ́n ń ṣe é kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí nǹkan mìíràn nínú egungun tàbí nínú orí ni. Ẹ gbé èyí tí ẹ ní dání lọ bá dókítà ọpọlọ ná.

Gabapentin, oògùn kan tó ń mú ìrora inú iṣan ìmọ̀lára rọlẹ̀, ni dókítà ọpọlọ tèmi fún mi, alaalẹ́. Ọ̀sẹ̀ kìíní, oorun ń gbé mi bí ẹni mutí yó. Ẹ má dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo fi òòyà kan ibẹ̀, mi ò sunkún. Kò tíì lọ tán, àmọ́ mo ti ń dirun padà. Mo kàn máa ń sọ fún onídìrí kó má fa tibẹ̀ le.