Èsì: Omi tó ń kán lára éésì pálọ̀ yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ ní éésì yín ń kán omi sórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ sì ń bèèrè bóyá gáàsì rẹ̀ ló ń jò. Rárá o, gáàsì kọ́ nìyẹn. Inú afẹ́fẹ́ pálọ̀ yín gan-an lomi náà ti ń wá. Ẹ wo ìgò omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì, bó ṣe máa ń làágùn: ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lára irin tútù inú éésì. Ìdí nìyẹn tí omi rẹ̀ fi máa ń pọ̀ lásìkò òjò, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nígbà ọyẹ́.

Tó bá jẹ́ ìta ló ń kán sí, kò séwu. Àwo kan wà lábẹ́ irin yẹn tó ń gba omi, páìpù kékeré ló sì ń gbé e jáde. Tí páìpù náà bá dí, omi á kún àwo yẹn, á wá máa kán sínú ilé. Ìdọ̀tí ló sábà máa ń dí i. Tèmi lẹ́ẹ̀kan, ọmọńlé ló kú há síbẹ̀!

Ẹ pa á ná, kí ẹ fọ asẹ́ rẹ̀, kí oníṣẹ́ sì fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù. Àmọ́ tí ẹ bá rí yìnyín lára irin náà, bí asẹ́ bá mọ́, ó ṣeé ṣe kí gáàsì ti dínkù lóòótọ́.

Àbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kọ́ ni? Ẹ wò ó bóyá páìpù náà dà gẹ̀rẹ́ síta.