Èsì: WBC 3.6 kọ́ lẹ̀rù, ẹ wo LYM Màmá kí ẹ sì ka mímí wọn

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá o, ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé láti Lugbe l'Abuja. Mo rí èsì FBC, àyẹ̀wò tó ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, tí ẹ gbé síbí: WBC (ẹ̀jẹ̀ funfun lápapọ̀) 3.6, tí láàbù kọ L pupa sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ó kéré. Wọ́n pín ẹ̀jẹ̀ funfun náà sí mẹ́ta: GRAN (neutrophil, tó máa ń kọ́kọ́ sáré dé ojú ìjà, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀) 78%, LYM (lymphocyte, tó ń bá fáírọ́ọ̀sì jà) 15%, MID (àwọn yòókù) 7%. Màmá jẹ́ ẹni ọdún 64, ikọ́ àti ibà ti di ọjọ́ karùn-ún, ará kẹ́míìsì ní taifọ́ọ̀dù ni, ẹ wá ń béèrè oògùn tí yóò gbé ẹ̀jẹ̀ funfun wọn sókè. Mo ti jókòó ti aláìsàn lórí irú ìwé yìí rí, ojú mi sì rí nǹkan. Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ọ́ gùn díẹ̀.

L pupa yẹn kọ́ ló yẹ kó já yín láyà. Ìwọ̀n 4.0 sí 11.0 tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láàbù, lára àwọn òyìnbó ni wọ́n ti yọ ọ́. Púpọ̀ jù lọ nínú àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kò ní àmì tí wọ́n ń pè ní Duffy lára ẹ̀jẹ̀ pupa wa. Àìní rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí irú ibà ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní vivax rí wa gbé ṣe, òun náà ló sì máa ń jẹ́ kí neutrophil wa kéré nínú ẹ̀jẹ̀ láìsí àìsàn kankan. Ẹni tí ara rẹ̀ le koko lè ní WBC 3.5 kí neutrophil rẹ̀ jẹ́ 1.3, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń fi bíró pupa yí nọ́ńbà po kì í sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kàn na ìwé sí ọ, wọ́n á ní kó o lọ rí dókítà.

LYM lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má wo 15% yẹn lásán, ìdá ọgọ́rùn-ún máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ fi 15 sọ 3.6 di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 100, ẹ ó rí 0.54. Lymphocyte àgbàlagbà kò yẹ kó wálẹ̀ ju 1.0 lọ. Ká ní ẹlòmíràn ni tó ní WBC 3.6 kan náà, àmọ́ tí GRAN rẹ̀ jẹ́ 45% tí LYM rẹ̀ náà jẹ́ 45%, lymphocyte tirẹ̀ á jẹ́ 1.62, n kò sì ní sọ ju pé kó sinmi lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni WBC 14.0 pẹ̀lú LYM 10%: láàbù á kọ L sí 10 yẹn, bẹ́ẹ̀ 1.4 ni, kò sí ohun tó ṣe lymphocyte rẹ̀. Ẹ tún fi LYM pín GRAN. Ti Màmá jẹ́ 78 pín sí 15, ó lé díẹ̀ ní 5. Láàárín 1 sí 3 ló máa ń wà lára ẹni tí ara rẹ̀ dá. Tó bá ń gòkè lójoojúmọ́, àìsàn ń wọra nìyẹn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń pín ẹ̀jẹ̀ funfun sí mẹ́ta ni láàbù yín lò. Neutrophil ló pọ̀ jù nínú GRAN, àmọ́ wọ́n lè da eosinophil, ẹ̀jẹ̀ funfun tí aràn àti ikọ́ fée máa ń mú pọ̀, pọ̀ mọ́ ọn. Tí Màmá bá ní aràn tàbí ikọ́ fée, ẹ ní kí wọ́n tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì kí ènìyàn fi ojú kà á.

Ikọ́ àti ibà pẹ̀lú LYM tó wálẹ̀ báyìí lè jẹ́ iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì bíi COVID tàbí flu. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, torí fáírọ́ọ̀sì nìkan kọ́ ló ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ń sá pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ọ̀nà ọ̀fun àti àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké. Lymphocyte irú T ló ń dá sẹ́ẹ̀lì tó ti kó o mọ̀, tó sì ń pa á. Irú B ló ń pèsè èròjà tó ń gbá fáírọ́ọ̀sì mú kó tó wọlé. Fún fáírọ́ọ̀sì tí ara kò bá pàdé rí, ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó pọ̀ dáadáa. Lára àgbàlagbà àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó máa ń falẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọn ò bá tètè pọ̀, ara á máa ké pe neutrophil láti inú mùdùnmúdùn egungun. Neutrophil yára, àmọ́ èròjà tó ń tú jáde àti àwọ̀n DNA tó ń nà ń jẹ ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ọ́síjìn ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀: ó ń dáná sunlé nítorí eku. Omi á jò sínú àpò afẹ́fẹ́, ọ́síjìn kò ní rọ́nà kọjá.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀, láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹwàá nínú COVID, tó sì tún máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ nínú flu, lè jẹ́ ìgbà tí ibà ti lọ. Aláìsàn á ní òun ti gbádùn, á jókòó, á mu ògì, á dá yín lóhùn. Gbogbo ilé á ní ọpẹ́ ni. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, gbólóhùn rẹ̀ ti ń kúrú, ó ń dúró mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, kò fẹ́ dùbúlẹ̀ gbọọrọ. Nọ́ọ̀sì tó bá fọwọ́ kan iwájú orí tó ní kò gbóná mọ́, ẹ máa lọlé, kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Síbẹ̀, 0.54 lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 lymphocyte ara ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, ìyókù wà nínú kókó ọrùn àti abíyá, nínú ìfun, káàkiri. Tí àìsàn bá dé, ọ̀pọ̀ á sá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sójú ìjà, òmíràn á kú. Tó bá padà ga láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó dára. Tó bá dúró sílẹ̀ tàbí tó ń wálẹ̀ sí i bí GRAN ṣe ń gòkè, ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù. Tí kò bá ga lẹ́yìn tí ara yá tán, ẹ ṣe àyẹ̀wò HIV, kí ẹ má sì tijú.

Ẹ ka mímí wọn fún ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí wọn kò fura. Tó bá ti kọjá 24, ẹ ṣọ́ra. Tó bá di 30, ẹ gbéra. Ẹ ra oximeter, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Màmá yín lè ti fi làálì sí èékánná bí gbogbo wa ṣe ń ṣe níhìn-ín, ó sì lè da nọ́ńbà rú, pàápàá làálì dúdú. Ẹ wá ìka tí kò ní, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ náà gbá ìka mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ tí ọyẹ́ mú tútù náà kì í jẹ́ kó kà dáadáa, ẹ kọ́kọ́ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ nu ún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí nọ́ńbà dúró sójú kan kí ẹ tó gbà á. Ẹ̀rọ yìí sì máa ń ka ọ́síjìn adúláwọ̀ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, torí náà n kì í fi 93 tàbí 92 ṣeré. Tó bá jẹ́ 95, ẹ ní kí wọ́n rin ogójì ìṣísẹ̀ nínú ilé, tó bá fi 3 wálẹ̀, ẹ gbéra. Ẹ pe ọsibítù kí ẹ tó jáde, kí ẹ béèrè bóyá ọ́síjìn àti bẹ́ẹ̀dì wà. Bí Airport Road ṣe máa ń dí láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́ lẹ fẹ́ rìn ín.

Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ará kẹ́míìsì gún wọn ní dexamethasone, oògùn steroid. Ìwádìí RECOVERY ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020 fi hàn pé mílígíráàmù 6 lójúmọ́, tí kò ju ọjọ́ 10 lọ, ń gba ẹ̀mí ẹni tí COVID mú débi pé ó ń lo ọ́síjìn. Ẹni tí kò lo ọ́síjìn kò rí àǹfààní kankan. Abẹ́rẹ́ yẹn ń dín lymphocyte kù, ó ń gbé neutrophil ga, FBC tí ẹ bá ṣe lọ́la á ti dàrú. Ní ti taifọ́ọ̀dù, àyẹ̀wò Widal kan ṣoṣo kò fìdí nǹkan kan múlẹ̀, àmì rẹ̀ lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti ní in rí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Tí wọ́n bá fura sí i lóòótọ́, ẹ ní kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ ní láàbù, kí wọ́n wo kòkòrò tó bá hù. Oògùn bíi Ampiclox kì í pa fáírọ́ọ̀sì.

Ohun kan tún ni o: ọ̀gbẹlẹ̀ la wà, ìgbà tí ibà Lassa máa ń pọ̀ jù. Bí Màmá bá ti lọ sí Bauchi, Taraba, Edo tàbí Ondo láìpẹ́, tí ibà kò lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì oògùn ibà, tí ọ̀fun ń dùn wọ́n, tí wọ́n ń bì, ẹ rántí ibà Lassa. Òun náà máa ń dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù. 6232 ni nọ́ńbà ọ̀fẹ́ NCDC, àjọ tó ń kápá àrùn ní Nàìjíríà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìbéèrè yín. Kò sí oògùn tí ẹ máa rà tí yóò gbé ẹ̀jẹ̀ funfun Màmá sókè, wọn kò sì nílò rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà ní Wuse pé ó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, irin ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa ló wà fún.

Ẹ tún FBC ṣe lẹ́yìn wákàtí 48, ní láàbù kan náà. Ẹ ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ dé ojú àmì ìgò olómorí àlùkò, kí wọ́n yí i sókè sódò jẹ́jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Tó bá dì díẹ̀, nọ́ńbà á kéré lásán. Ẹ béèrè bóyá ibẹ̀ ni wọ́n á ti kà á tàbí wọ́n ń gbé e lọ síbòmíràn, torí kò yẹ kó pẹ́ nínú oòrùn. Ẹ mú ìwé méjèèjì lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀ sórí wọn, àti orúkọ gbogbo abẹ́rẹ́ tí ará kẹ́míìsì ti gún wọn.