Má yá owó kó ọjà nítorí bọ́ọ̀lù

Àbúrò mi, o ní ṣọ́ọ̀bù rẹ súnmọ́ Georgia Aquarium, ibi tí àwọn àlejò ti ń wo ẹja, ní Atlanta, o sì ń béèrè bóyá kó o yá owó kó ọjà sílẹ̀ de Ife Àgbáyé 2026. Jọ̀ọ́, má yá kọ́bọ̀. Mo ti ṣe é rí, ọdún méjì ni mo fi san gbèsè náà.

London ni, ní 2012. Báàgì àdìrẹ ni mò ń tà ní Greenwich. Bí ìgbà ooru bá dé, àwọn àlejò á wá wo Cutty Sark, ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan, wọ́n á gun òkè lọ síbi ìlà tó pín ayé sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, wọ́n á wá yà sọ́dọ̀ wa. Ìgbà tí mo gbọ́ pé inú Greenwich Park gan-an ni wọn ó ti máa gun ẹṣin fún Òlíńpíìkì, mo kó ọ̀ọ́dúnrún báàgì wọlé láti Abẹ́òkúta.

Nígbà tí Òlíńpíìkì dé, irin ìdènà ni wọ́n tò sójú ọ̀nà. Láti ibùdó rélùwéè ni wọ́n ti ń darí èrò tààrà dé ẹnu géètì pápá. Mò ń rí orí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá, wọn ò ráyè yà. Ẹni tó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń tú ẹrù wò kò sì ní ra báàgì kún èyí tó gbé dání. Mi ò ro ìyẹn rárá.

Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn oníbàárà mi àtijọ́ ò wá. Wọ́n gbọ́ pé hòtẹ́ẹ̀lì ti wọ́n, wọ́n sún ìrìn àjò síwájú. Àwọn ará London pàápàá, wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wọn tipẹ́ pé ọkọ̀ máa kún, wọ́n bá jókòó sílé. Àwọn ibi ìgbafẹ́ ńlá ìlú náà ké pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta àlejò àwọn ni kò wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àlejò òkè òkun tó wọ Britain lóṣù Kẹjọ yẹn ò tó ti 2011, bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n ná pọ̀ jù ú lọ. Owó náà ò dé Greenwich.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ péré ni wọn ó gbá ní Atlanta. Lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìjọba ìlú nísinsìnyí: títì wo ni wọn ó dí, ibo ni èrò ó gbà? Bí kò bá gba iwájú rẹ, wá tábìlì kékeré síbi tó gbà. Ohun tó ṣe é tì sápò ni kó o tà, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́, gèlè kékeré.

Àwọn báàgì mi? Oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí wọ́n kó irin kúrò, ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n.