Wọ́n ń tà á lójú ọjà, ṣé ìyẹn ni pé ó bófin mu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa. Bangkok ni mo wà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, físà iṣẹ́ ni mo sì fi ń gbébẹ̀. Sìgá ni mo ń mu tẹ́lẹ̀ kí n tó bọ́ sórí vape, sìgá oníbátìrì yẹn, látìgbà náà mi ò fọwọ́ kan sìgá mọ́. Ohun tó ń rú mi lójú ni pé àwọn kan ní vape ò bófin mu níbí, síbẹ̀ mò ń rí i lórí tábìlì lọ́jà alẹ́, àwọn òyìnbó ń fà á kiri, kò sẹ́ni tó mú wọn. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ wá kí mi nígbà ìsinmi, ó ní òun á bá mi ra mélòó kan dání, tí kò bá sì ṣeé gbé, òun á dì í sínú páálí òun á fi ránṣẹ́. Ṣé wàhálà wà nínú ẹ̀? Mi ò fẹ́ tà á o, èmi ni mo fẹ́ máa lò ó. (Tíṣà, Bangkok)

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ kú àjò o. Ẹ kọ́kọ́ pe àbúrò yín ná, ẹ ní kó má wulẹ̀ rà á, kó má sì fi ránṣẹ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ka ìyókù.

Láti 2014 ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò ní Táílàndì ti fòfin de kíkó vape wọ̀lú, wọ́n ka shisha mọ́ ọn. Nígbà tó di 2015, ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á. Torí náà, ẹni tẹ́ ẹ rí tó pàtẹ ẹ̀ lọ́jà alẹ́ yẹn, ó ń rúfin ni, ẹ dúró kí ọlọ́pàá yọ lọ́ọ̀ọ́kán kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa palẹ̀ mọ́. Nígbà tí kò sì sí ọ̀nà kankan tó bófin mu tí vape lè gbà wọ̀lú, a jẹ́ pé gbogbo èyí tó wà níbẹ̀, fàyàwọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Bẹ́ ẹ fín èéfín, bẹ́ ẹ ò fín in, ẹrù fàyàwọ́ ti wà lọ́wọ́ yín.

Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù wọn ti 2017, abala 246, ló sọ ọ́: ẹni tó bá ra ẹrù fàyàwọ́, tó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì tàbí tó gbé e pa mọ́, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ lè tó ọdún 5, tàbí kó san ìtanràn tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin iye ọjà náà àti owó bodè ẹ̀, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Ìyẹn tiyín nìyẹn o. Ti ẹni tó gbé e wọ̀lú tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún 10, ìtanràn á sì tó ìlọ́po márùn-ún. Ẹ wá wò ó, àbúrò tó fẹ́ ṣe yín lóore ni ẹjọ́ ẹ̀ máa wúwo jù. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ tà á, mo gbọ́, ṣùgbọ́n òfin ò bi yín bóyá ẹ fẹ́ tà á àbí ẹ fẹ́ fà á. Mi ò ní gbogbo ẹni tí wọ́n bá mú ló ń sùn sẹ́wọ̀n o, ọ̀pọ̀ wọn, owó ni wọ́n ń san, wọ́n á sì gba vape lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ ẹni tó ń fi físà iṣẹ́ gbé ìlú onílùú, tó tún wá jẹ́ tíṣà ọmọdé, kí lẹ fẹ́ lọ sọ fún ọ̀gá iléèwé?

Ní February 2025, Paetongtarn Shinawatra tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà náà ní káwọn ọlọ́pàá gbé ọ̀rọ̀ vape le gan-an, torí pé àwọn ọmọ iléèwé ló ń fà á káàkiri. Ẹ má tiẹ̀ gbé e sún mọ́ ọgbà iléèwé.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tún kù. Ní January 2023, òṣèrébìnrin kan láti Taiwan ní àwọn ọlọ́pàá dá ọkọ̀ àwọn dúró ní Bangkok lóru, wọ́n rí vape, wọ́n sì gba 27,000 baht lọ́wọ́ àwọn kí wọ́n tó fàwọn sílẹ̀. Ariwo ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀, wọ́n sì gbé àwọn ọlọ́pàá náà lọ sílé ẹjọ́. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wakọ̀ lóru nílé ńbí, kò ní yà yín lẹ́nu.) Tí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ má na owó sí wọn láti inú mọ́tò, ẹ ní kẹ́ ẹ jọ lọ sí tésàn, ẹ béèrè rìsíìtì fún gbogbo owó tẹ́ ẹ bá san, nọ́ńbà ọlọ́pàá àwọn arìnrìn-àjò ni 1155, wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tó máa tan àbúrò yín jẹ ni pé kò sẹ́ni tó máa dá a dúró ní Heathrow. Vape bófin mu ní ìlú ọba, èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan jù nù nìkan ni wọ́n ní kí wọ́n má tà mọ́ láti June 1, 2025. Àwọn ọkọ̀ òfurufú náà á ní kó gbé e sínú báàgì ọwọ́, kó má fi sínú àpótí ńlá, torí bátìrì lítíọ́mù tó lè gbiná, òun á sì rò pé wọ́n ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Ọ̀rọ̀ iná ni ìyẹn o, wọn ò bá Táílàndì ṣòfin. Ti páálí tún burú jù, torí orúkọ yín, àdírẹ́sì yín àti nọ́ńbà fóònù yín ló máa wà lára ẹ̀ gbàgàdà.

Lójú tèmi, ó ń bíni nínú pé wọ́n ń ta sìgá gangan fún ẹni tó bá ti pé ọmọ 20 ọdún, tí wọ́n sì ní kẹ́ni tó ń sá fún sìgá má lo vape. Ṣùgbọ́n àlejò ni yín. Ẹ má padà sídìí sìgá, ẹ lọ ra ṣingọ́ọ̀mù nicotine ní ilé oògùn, kẹ́ ẹ sì pe 1600, nọ́ńbà ìjọba táwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá ń pè nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, Peckham ni mo wà, èmi àti ìyàwó mi ń lọ sí Salvador ní Bahia, mo gbọ́ pé àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀. Ṣé mo lè mú vape mi dání? Ẹyọ kan ni o. (Bàbá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Rárá, Bàbá Ìbejì. Láti 2009 ni Anvisa, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlera, ti fòfin dè é ní Brazil, ní April 2024 wọ́n tún òfin yẹn ṣe, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé kò sáyè fún èyí téèyàn gbé dání fúnra ẹ̀ nínú ẹrù. Fífà á fúnra ẹ̀ kọ́ ni wọ́n kà léèwọ̀, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ fà á nínú ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀. Tí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ yín ní èápọọ̀tù, wọ́n á gbà á. Tó bá jẹ́ Lisbon lẹ máa gbà kọjá, ẹ má tìtorí pé wọn ò sọ nǹkan kan fún yín níbẹ̀ kẹ́ ẹ máa rò pé ó ti tán, ẹ fi í sílé ní Peckham.