Iná lọ, dátà inú Redis náà lọ: ṣé AOF ni ká tàn ni, àbí ká ra ẹ̀rọ kún un?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ni a ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ́fíìsì wa sì wà ní Ìbàdàn. Redis kan ṣoṣo ni a ní (dátábéèsì tó ń fi dátà sínú RAM, ìrántí kọ̀ǹpútà tó máa ń ṣófo bí iná bá lọ), lórí kọ̀ǹpútà tó wà nínú ọ́fíìsì, òun ló gbé ohun gbogbo: session àwọn oníbàárà (àmì pé wọ́n ti wọlé sórí áàpù), iye ìjókòó tó kù nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti owó tí oníbàárà ní nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n mú iná lọ, bátìrì ínfátà ti gbẹ, ẹ̀rọ bá kú. Nígbà tí iná dé, Redis tan, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a tà láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ti pòórá. Ẹnì kan ní kí a tan AOF, ìyẹn fáìlì orí dísìkì tí Redis ń kọ gbogbo àyípadà sí. Ẹlòmíràn ní kí a má wulẹ̀ fi dísìkì da ara wa láàmú, kí a ra ẹ̀rọ méjì kún un, kí a sọ ọ́ di cluster, ìyẹn ẹ̀rọ mélòó kan tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀kan. Èwo ni ká ṣe? Ṣé dísìkì kò sì ní fa iṣẹ́ wa sẹ́yìn, nígbà tó jẹ́ pé torí kó lè yá la ṣe mú Redis?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àdánù o. Ẹ tan AOF, lónìí bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì dá owó ẹ̀rọ méjì yẹn dúró ná. Ní ti owó wọ́lẹ́ẹ̀tì, kò yẹ kó wà nínú Redis nìkan rárá. Màá padà sórí ìyẹn.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó lọ yẹn kì í ṣe àdììtú. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kan redis.conf yín, ìyẹn fáìlì ètò Redis, RDB nìkan ni Redis yín ń lò: láti ìgbà dé ìgbà, ó máa ń da gbogbo ohun tó wà nínú RAM kọ sínú fáìlì tó ń jẹ́ dump.rdb. Nínú àwọn Redis tó jáde láìpẹ́, ó máa ń ṣe é lẹ́yìn wákàtí kan bí ohun kan péré bá yí padà, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 bí àyípadà bá tó 100, àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan bó bá tó 10,000. Iṣẹ́ bíi tiyín kò jọ èyí tí yóò tó 10,000 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n wẹ́rẹ́ báyìí ni yóò kọjá 100 ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ni Redis yín ń kọ̀wé nìyẹn, iná sì lọ nígbà tí èyí tó kàn ku díẹ̀ kó pé. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe gan-an ló ṣe.

Mi ò sọ pé kí ẹ pa RDB o. Fáìlì kan ṣoṣo ni, kò tóbi, ó yá láti kà padà, ó sì dáa láti máa gbé lọ síbòmíràn lálaalẹ́. Ẹ kàn ṣọ́ RAM. Tí Redis bá fẹ́ kọ ọ́, ó máa bí ọmọ kan, ìyẹn ẹ̀dà ara rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ yẹn ni yóò máa kọ̀wé kí ìyá lè máa dá àwọn oníbàárà lóhùn. Ìyá àti ọmọ jọ ń lo RAM kan náà ni, àyàfi ibi tí ìyá bá ti yí nǹkan padà, níbi tí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, yóò ti ṣe ẹ̀dà. Bí àyípadà bá pọ̀ gan-an lásìkò yẹn, RAM tí wọ́n ń lò lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Torí náà, lórí ẹ̀rọ tó ní RAM 8GB, ẹ má jẹ́ kí dátà gba 7. Ẹ sì fi vm.overcommit_memory, tó wà nínú ètò Linux, sí 1, nítorí bí Linux bá kọ̀ fún Redis láti bímọ, RDB ò ní ṣeé kọ, Redis ò sì ní gba àkọsílẹ̀ tuntun kankan mọ́ títí ìyẹn yóò fi yanjú.

AOF yàtọ̀. Gbogbo àṣẹ tó bá yí dátà padà ni Redis máa fi kún ìdí fáìlì kan bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ká ní káàdì alájọ ni: gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá dá owó, ó máa ń fàlà sí i, tí káàdì bá sì kún, ó máa mú tuntun, á kọ àpapọ̀ owó sórí rẹ̀, kò ní da gbogbo ìlà àtijọ́ kọ padà. Bí Redis ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí AOF bá ti di ìlọ́po méjì ohun tó jẹ́ nígbà tí wọ́n tún un kọ kẹ́yìn, tó sì ti kọjá 64MB, Redis máa tún un kọ fúnra rẹ̀ kó lè kéré.

Ibi tí ìbéèrè yín nípa ìyára wà ni appendfsync, ìlà kan nínú redis.conf. Kí Redis kọ nǹkan sínú fáìlì kò tíì túmọ̀ sí pé ó ti dé orí dísìkì. Ọwọ́ Linux ló ṣì wà, nínú RAM kan náà tí iná máa gbé lọ. fsync ni àṣẹ tó ń fipá tì í sórí dísìkì. Bí ẹ bá fi í sí always, Redis ò ní dá oníbàárà lóhùn títí fsync yóò fi parí. Bí ẹ bá fi í sí everysec, á máa ṣe fsync lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan láì dá iṣẹ́ dúró. Bó bá jẹ́ no, ó di ọwọ́ Linux, ìgbà tó bá wù ú.

Ní ti kíkà, kò sí ohun tó yí padà. Láti inú RAM ni Redis ṣì ti ń dáhùn, ì báà ní AOF, ì báà má ní. Kíkọ nìkan ni dísìkì lè fà sẹ́yìn, always ló sì ń fà á jù. Dísìkì oníyíyí tó ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan máa ń lo nǹkan bíi mílíìsẹ́kọ́ọ̀ndù 8 fún ìyípo kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ń dúró de ìyẹn lórí gbogbo àkọsílẹ̀, ẹ óò mọ̀ ọ́n lára. Lóòótọ́, Redis máa ń kó àṣẹ àwọn oníbàárà tó bá dé papọ̀ sínú fsync kan, kò wá burú tó bó ṣe dún létí. Síbẹ̀, everysec ni mo máa mú fún yín. Bí iná bá tún lọ, ohun tí ẹ máa pàdánù á wà ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí: ẹ má ṣe ṣí redis.conf, kí ẹ kọ appendonly yes, kí ẹ wá pa Redis kí ẹ tún un tàn. Bí AOF bá ti wà ní títàn, AOF ni Redis máa kà nígbà tó bá ń jí, kò ní wo dump.rdb. AOF yín kò sì tíì ní ohunkóhun nínú. Ó máa jí pẹ̀lú òfìfo. Ẹ kọ́kọ́ gbé dump.rdb síbòmíràn, kí ẹ wá fún Redis tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní àṣẹ CONFIG SET appendonly yes. Á kọ gbogbo ohun tó wà nínú RAM sínú AOF tuntun. Ẹ wo INFO persistence títí aof_rewrite_in_progress á fi di 0, tí aof_last_bgrewrite_status á sì sọ pé ok. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lo CONFIG REWRITE kó lè kọ ọ́ sínú redis.conf fúnra rẹ̀.

Ó wá kan cluster. Ẹni tó dá a lábàá fún yín kò purọ́ pé ó wúlò, àmọ́ àìsàn mìíràn ló ń wò. Redis Cluster, tó dé pẹ̀lú Redis 3.0 ní 2015, wà fún dátà tó ti tóbi ju RAM ẹ̀rọ kan lọ, tàbí iṣẹ́ tó ti ju agbára ẹ̀rọ kan. Ó pín gbogbo kọ́kọ́rọ́ (key, orúkọ tí dátà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́) sí àyè 16,384 tí wọ́n ń pè ní slot, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì gba tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ pípín ni o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣíṣe ẹ̀dà. Ẹ̀rọ mẹ́ta láìní ẹ̀dà túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú mẹ́ta dátà yín wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí níbòmíràn. Bí ọ̀kan bá kú, cluster náà lódindi kò ní dáhùn mọ́, àfi tí ẹ bá ti yí cluster-require-full-coverage padà. Ẹ ti wá fi owó ra ọ̀nà mẹ́ta tí ọjà yín lè gbà dúró. Kí cluster tó ní ẹ̀dà tó péye, ẹ̀rọ mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn, mẹ́ta tó jẹ́ àgbà àti ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan fún wọn. Gbogbo wọn nínú yàrá kan, lórí ínfátà kan? Ìgbà kan náà ni gbogbo wọn máa kú.

Ẹ̀dà láìsí cluster, ìyẹn sáfà (server) àgbà kan àti sáfà ẹ̀dà kan níbòmíràn, ìyẹn ni mo fara mọ́ bí owó bá dé. Ṣùgbọ́n sáfà àgbà máa ń dá oníbàárà lóhùn kí ẹ̀dà tó gbọ́, torí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn lè má dé ọ̀hún. Ohun kan sì wà tó burú ju ìyẹn lọ, tí ọ̀pọ̀ tó sọ pé àwọn ò nílò dísìkì kì í rò. Ká ní sáfà àgbà kò ní RDB, kò ní AOF, ẹ sì ti ṣètò rẹ̀ kó máa tan fúnra rẹ̀ bí iná bá dé. Iná ṣẹ́jú, ó kú, ó jí. Òfìfo ló jí. Sáfà ẹ̀dà tún so mọ́ ọn, ó ní kó fún òun ní dátà tó ní, ó gba òfìfo yẹn, ó sì pa ti ara rẹ̀ rẹ́ láti lè bá a dọ́gba. Ẹ̀dà yín ti lọ, ẹ̀yin lẹ sì ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá ní lo ìpamọ́ sórí dísìkì lórí sáfà àgbà, ẹ má jẹ́ kó máa tan fúnra rẹ̀ láéláé.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí owó. Gbèsè ni ẹ jẹ oníbàárà, iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ sì lè fara da pípàdánù rẹ̀ jẹ́ òdo. Ẹ gbé e lọ sínú PostgreSQL, dátábéèsì tó ń kọ dátà sórí dísìkì, kí gbogbo ìdúnàádúrà máa kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Redis lè di iye owó náà mú fún kíkà kíákíá, bó bá sọnù, ẹ lọ kà á padà. Ohun kan náà ni fún ìjókòó: tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ tà gan-an wà nínú PostgreSQL, Redis ń ka iye tó kù. Nígbàkígbà tí Redis bá jí lẹ́yìn ìkú òjijì, kí áàpù yín tún ìjókòó kà láti inú tíkẹ́ẹ̀tì tó ti tà kó tó ṣí ọjà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìṣẹ́jú àáyá kan tó lọ yẹn ti tó láti ta ìjókòó kan fún èèyàn méjì, ní gáréèjì sì ni ìjà yẹn á ti bẹ́.

Session kò nílò dísìkì. Bó bá sọnù, oníbàárà á tún wọlé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo Redis lódindi ni ètò ìpamọ́ ń kàn, kò ṣeé yàn fún kọ́kọ́rọ́ kan ju òmíràn lọ. Àwọn dátábéèsì mìíràn gbà bẹ́ẹ̀: Mnesia tí wọ́n kọ́ sínú Erlang ní Ericsson ń jẹ́ kí ẹ yàn án fún table kọ̀ọ̀kan, Apache Ignite náà sì ń jẹ́ kí ẹ yàn án fún agbègbè dátà kọ̀ọ̀kan. Fún yín, Redis méjì lórí ẹ̀rọ kan náà ti tó. Kí èyí tó wà ní port 6379 ní AOF, kí maxmemory-policy rẹ̀, ìlànà ohun tó máa ṣe bí RAM bá kún, jẹ́ noeviction, ìyẹn pé kó má pa dátà kankan rẹ́. Kí èyí tó wà ní 6380 gbé session, láìní ìpamọ́, pẹ̀lú allkeys-lru. Ẹ má da ìlànà méjèèjì pọ̀ o, nítorí allkeys-lru máa ń pa dátà rẹ́ nígbà tí RAM bá kún, AOF ò sì ní gbà á sílẹ̀. Bó bá jẹ́ Valkey lẹ gbé sórí ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n yà lára Redis ní 2024 nígbà tí òfin ìlò rẹ̀ yí padà, gbogbo èyí kàn yín bákan náà.

Ẹ sì bá ẹni tó ń ta ínfátà fún yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá lè rí UPS kékeré tó ní okùn USB, NUT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá UPS sọ̀rọ̀, á máa gbọ́ ohun tó ń sọ, á sì rọra pa ẹ̀rọ kí bátìrì tó tán. Bí wọ́n bá pa Redis bó ṣe yẹ, tí RDB sì wà ní títàn, ó máa kọ ohun gbogbo kó tó kú.

Tí ẹ bá ti tò ó tán, ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ mìíràn tí kò sí oníbàárà lórí rẹ̀. Má lo kill -9, àṣẹ tó ń pa ètò lójijì, ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, nítorí Redis nìkan nìyẹn ń pa. Linux ṣì wà láàyè, á sì kọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí dísìkì, gbogbo ètò á wá dà bíi pé ó dáa. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kejì máa fi INCR, àṣẹ tó ń fi 1 kún nọ́ńbà, ránṣẹ́ lórí kọ́kọ́rọ́ kan, kó máa kọ nọ́ńbà tó gbà wá sílẹ̀ lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ yọ okùn iná. Ẹ tún un tàn, kí ẹ fi nọ́ńbà inú Redis wé èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kejì. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lọ pẹ̀lú everysec, SSD yín, dísìkì tí kì í yí, ni kí ẹ fura sí: àwọn kan tí owó wọn kéré máa ń sọ pé àwọn ti kọ ọ́ nígbà tó ṣì wà nínú RAM tiwọn.