Kí o tó yáwó ra kámẹ́rà tó ń wá ẹyinjú

Àbúrò mi, o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríídọ̀mù iṣẹ́ fọ́tò, pé kámẹ́rà Canon 5D Mark II ni ọ̀gá rẹ fà lé ọ lọ́wọ́, o sì ń bèèrè bóyá kí o yáwó alájẹṣẹ́kù ra èyí tó ń fúnra rẹ̀ wá ẹyinjú ẹni tí o ń yà, kó lè mú un kedere. Irú owó yẹn lèmi náà yá.

Mo ya ìyá kan tó pé ọgọ́ta ọdún nísàlẹ̀ Òkè Olúmọ. Gèlè wọn yọ ketekete, ojú wọn wá ń ṣe bàìbàì. Nínú fọ́tò 37, 4 péré ló ṣeé tẹ̀. Mo lọ bẹ̀ wọ́n nílé ní Ìjàyè. Wọn ò bú mi o. Wọ́n kàn wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ojú mi ti bàjẹ́ tó báyìí ni?" Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ti gbowó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ wa, kò tiẹ̀ bèèrè bí mo ṣe yà á. Ó ní kámẹ́rà mi ti di àtijọ́. Ẹ̀yìn ni mo mọ̀ pé òun náà ń ta tuntun.

Lẹ́ǹsì 85mm ni mo ṣí ihò rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu ní f/1.8 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ihò náà ṣe ń fẹ̀ tó), mítà kan àbọ̀ péré sí wọn. Níbẹ̀, ibi tó máa mú kedere kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Èèyàn mí lásán, ojú ti kúrò níbẹ̀. Mo tún jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yàn nínú àmì 9 tó fi ń wá ibi tó máa mú kedere, ohun tó sún mọ́ ọn jù ló sì ń mú. Etí gèlè nìyẹn. Yan àmì àárín, òun ló lágbára jù, gbé e lé ẹyinjú tó sún mọ́ ọ, lo f/4, kí ihò lẹ́ǹsì lè kéré sí i, kí ibi tó máa mú kedere sì pọ̀ sí i. Ìyókù, o ti mọ̀ ọ́n.

Bó bá sì jẹ́ tòkunbọ̀ lo fẹ́ rà, bèèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà rẹ̀, ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀ tó ń ṣí bí a bá ya fọ́tò, ti ṣí. Ìgbà 150,000 ni wọ́n ṣírò pé ti irú tìrẹ yìí lè ṣí. Èyí tí mo rà láìbèèrè kú mọ́ mi lọ́wọ́ níbi ìgbéyàwó.

Háà, àwọn ọmọ ọdún kan lo ní o fẹ́ máa yà pẹ̀lú! Ìyẹn yàtọ̀. Ọmọ tó ń rá kiri kì í dúró de àmì kankan. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti jẹ àǹfààní tuntun tí mo rà. Ṣùgbọ́n ka àwọn oníbàárà rẹ wò ná: ọmọdé ló pọ̀ jù, àbí àwọn ìyá onígèlè? Bó bá jẹ́ àwọn ìyá ni, má yáwó kankan. Tèmi ṣì ku oṣù márùn-ún.