Ẹ má tíì sanwó, ìyá wa tó kọ̀wé láti Kétu

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo ka ọ̀rọ̀ yín, pé fòníkú-fọ̀ladìde kì í jẹ́ kí ọmọ yín lọ sí kọlẹ́ẹ̀jì déédéé, ẹ sì fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún 5ème, kíláàsì kejì ní kọlẹ́ẹ̀jì, ní CNED, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba Faransé tó ń kọ́ ọmọ láti ọ̀nà jíjìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bi wá bóyá kí ẹ san ti odindi kíláàsì, àbí kí ẹ mú ẹ̀kọ́ mẹ́ta péré. Màá dáhùn, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ṣáájú owó, òun ló sì jẹ mí níyà.

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin níbí, ni mo ń gbé. Alùpùpù ló gbá ọmọ mi ọkùnrin lójú ọ̀nà Ìfàngnì, itan rẹ̀ ṣẹ́, oníṣègùn ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Mo sáré forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti gbọ́ pé ọdún 1939 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, nígbà tí ogun dí ọ̀nà ilé ìwé mọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé, mo wá ní ibi tó ti pẹ́ tó báyẹn, ta ni yóò kọ̀ ìwé rẹ̀? Èmi ni mi ò kà á dáadáa. Oríṣi kíláàsì méjì ni wọ́n ní. Èyí tí wọ́n ń pè ní classe réglementée, wọ́n máa ń sọ nínú ìwé rẹ̀ bóyá ọmọ gòkè tàbí kò gòkè. Classe libre, wọ́n á kọ́ ọmọ, wọ́n á yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọ́n á fún un ní máàkì, ṣùgbọ́n wọn ò ní ṣe ìpinnu pé ó gòkè. Libre ni mo san. Ẹni tó bá mi ṣe é ní ilé kọ̀ǹpútà àdúgbò kò mẹ́nu bà á, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló gbà.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ san, mo kó ìwé lọ bá ọ̀gá kọlẹ́ẹ̀jì kan níbí. Ojú ewé àkọ́kọ́ ló wò tó fi dá a padà. Ó ní, "Baba, èyí kì í ṣe bulletin," ìyẹn ìwé èsì ọmọ. Mo ní máàkì wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n lọ sí ọ́fíìsì kan ní Kutọnu. Mo wọ takisí ní ìdájí, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí di agogo méjì ọ̀sán, obìnrin kan wá ní àwọn ò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, kí n padà lọ bá ọ̀gá kọlẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ tí mo bọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní orúkọ ọmọ lórí ìwé yìí kò bá ti ìwé ìbí rẹ̀ mu. Lẹ́tà H kan ṣoṣo! Ẹni tó ń wí i fún mi kò gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá rántí lẹ́tà H yẹn, àyà mi á tún máa já. Nítorí náà, bí orúkọ ọmọ yín ṣe wà lórí ìwé ìbí tí ANIP, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdánimọ̀ àwọn èèyàn, fún yín, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́.

Níkẹyìn wọ́n ní kí ọmọ ṣe ìdánwò. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Nínú ìṣirò, 4 nínú 20 ló gbà. Gbogbo oṣù yẹn ni mo ń rí i tó dojú kọ fóònù, mo rò pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́. Nígbà tí a ṣí ojú ìwé rẹ̀ lórí ìkànnì CNED, iṣẹ́ àṣetiléwá mẹ́ta péré ló ti fi ránṣẹ́ látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló wà nílé lóun nìkan, kò sí agogo tó ń lù, kò sí ẹlẹgbẹ́ tó máa bi í pé ibo lo ṣe é dé. Nígbà tí ẹ̀kọ́ kan kò yé e, ojú tì í láti sọ fún mi, ó fò ó, èyí tó tẹ̀ lé e kò wá yé e rárá. Ó tún kíláàsì ṣe. Ó sunkún, èmi náà sunkún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà ní Kétu yẹn, kó máa jókòó tì í lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Kí ẹ̀yin fúnra yín sì máa ṣí ojú ìwé rẹ̀ wò, kì í ṣe kí ẹ bi í léèrè.

Ẹ kíyè sí aago. Láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá, aago Paris fi wákàtí kan ṣáájú tiwa. Iṣẹ́ tí wọ́n bá ní kó wọlé kó tó di ọ̀gànjọ́ òru, ó ti pẹ́ bí tiwa bá lu mọ́kànlá. Kí iná má sì lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Yúrò ni wọ́n ń gbà. Yúrò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ́ẹ̀fà 656, kì í yí, ṣùgbọ́n báńkì yóò fi tiwọn lé e. Ẹnikẹ́ni tó bá ní aṣojú wọn lòun, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Orí cned.fr ni kí ẹ ti ṣe é.

Ìbéèrè yín, mo fẹ́ gbàgbé. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá kọlẹ́ẹ̀jì tí ọmọ náà wà báyìí. Bó bá kọ lẹ́tà fún yín, pẹ̀lú òǹtẹ̀, pé orúkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn, ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó: Faransé, ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì. Bí kò bá kọ ọ́, odindi kíláàsì ni, kó sì jẹ́ réglementée. Kí ẹ tó san, ẹ kọ̀wé bi CNED fúnra wọn bóyá wọ́n lè gba ọmọ tó ń gbé ní Benin sí i, kí ẹ sì tọ́jú èsì wọn.

Ìwé ìṣirò 5ème ọmọ mi ṣì wà nílé. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ẹ, màá fi rán mọ́tò tó ń bọ̀ ní Kétu.